Àrá Ọ̀sán àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì

"Ẹ wo òkè yẹn, Alàájà," ni Bọ́dúnrìn káfíńtà wí. Ó na ẹnu òòlù rẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn, níbi tí sánmà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. "Ó tún ti ń bọ̀."

Azeemah kò gbójú sókè. Ìṣó ló ń wọ̀n sínú ọ̀rá. "Èyí tí yóò rọ̀ tí yóò sì dá ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lánàá."

"Mo tún ń wí i lónìí. Ṣé ìṣó lo wá rà ni, àbí o wá bá mi wo ojú ọjọ́?"

Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé òòlù náà sílẹ̀. "Ojú ọjọ́ ló lé mi wá síbí. Bí kì í bá ṣe ti òjò, orí òrùlé Màámi yín ni ǹ bá wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ báyìí. Mo gòkè lọ́sàn-án àná, n ò tíì kan pákó mélòó kan tí àrá fi lé mi sọ̀kalẹ̀. Èmi kì í gun òrùlé lábẹ́ àrá, Alàájà. Ìyàwó mi ṣì fẹ́ràn mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni Rídwàn, ọkọ Azeemah, bi í láti orí àga tó fi ara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni wọ́n wà, kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ jókòó tí yóò ti máa ta kò èèyàn.

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Tíṣà."

"Tún un bi. Kí o sì jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀."

Káfíńtà náà tún rẹ́rìn-ín. Azeemah ni kò rẹ́rìn-ín. Ó so ẹnu ọ̀rá ìṣó náà, ó sì gbé e lé orí káńtà. "Apá ibo ló ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ilé náà?"

"Pálọ̀ àti yàrá tó tẹ̀ lé e. Mo fi tapólì bò ó, mo sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn tí Màámi ń sùn, páànù àtijọ́ ṣì wà lórí ìyẹn."

"Tapólì náà á dúró?"

"Bó bá ṣe òjò nìkan ni, á dúró. Bó bá ṣe irú ìjì tí a rí lánàá, n ò lè búra."

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹni tí ń ta páànù tí kò mọ bí ọdún ṣe ń rìn. Òjò á rọ̀ títí Júláì yóò fi parí. Tó bá di Ògọ́sì, á dáwọ́ dúró, ojú ọjọ́ á ṣú, á tutù, kò sì ní í sí ju òjò winniwinni lọ. Ìgbà náà ni onílé máa ń ṣí òrùlé tó ti dípẹtà, kí wọ́n lè tún òmíràn kàn kí òjò Sẹ̀tẹ́ńbà tó wọlé. Lórí ìsinmi òjò yìí ni bàbá Azeemah fi ta páànù títí ó fi kú, lórí rẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ sì fi ń tà á ní ọ̀nà Ìbàdàn títí di òní. Ṣùgbọ́n Ògọ́sì ọdún yìí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Oòrùn á ta láàárọ̀ bí ẹni pé Mọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì, afẹ́fẹ́ á dìde lójijì, mànàmáná á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, àrá á sì máa sán bí ìgbà tí èèyàn ń ya páànù sí méjì. Yìnyín ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ àwọn kan. Ìjì ti ká òrùlé àwọn mìíràn lọ sínú oko ẹlẹ́gẹ́.

Ọjà ń tà fún Azeemah, kò sì dùn mọ́ ọn. Òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí òrùlé ilé ìyá òun. Ìyá náà, Alàájà Mùínátù, ti bẹ̀ ẹ́ títí. "Ọdún yìí ò jọ àwọn ọdún tó kù, Azeemah. Jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn." Òun sì ti fèsì pé, "Màámi, Ògọ́sì la wà. Òjò ń sinmi." Bọ́dúnrìn ṣí òrùlé, òjò kò sinmi. Lẹ́yìn èyí ni ibà dá ìyá arúgbó dùbúlẹ̀ láàárín àwo àti ike tí wọ́n fi ń gbe omi tó ń jò. Azeemah ti ra oògùn. Ó wà nínú báàgì rẹ̀ lábẹ́ káńtà. Ó ti pinnu pé bí òun bá ti kírun Alásárì tán, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni òun ń lọ.

Ibi tí ó ti ń fa báàgì náà jáde ni fóònù rẹ̀ ti dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ Mukhtar, àbúrò rẹ̀ tí ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Ó kà á, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kí ni?" ni Rídwàn bi í.

"Mukhtar ni. Ó ní, 'Ara ti sàn nílé. Ẹ má wá o.'" Ó jókòó lórí àpótí. "Alihamudulilai. Ibà náà ti lọ sílẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Bọ́dúnrìn wí.

"Èmi ì bá kúkú ti wà lójú ọ̀nà nínú òjò yìí." Ó ti báàgì oògùn náà padà sábẹ́ káńtà. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó fi ìṣó díẹ̀ kún ti káfíńtà náà láìgba nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ti ń gbá ìyẹ̀pẹ̀ kiri lójú pópó, àwọn ọlọ́kadà ti ń sá sí abẹ́ bàrándà.

Rídwàn na ọwọ́. "Jẹ́ kí n rí i."

Ó gbé fóònù náà fún un. Ó kà á, ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà, ó dojú fóònù náà délẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Báwo lo ṣe kà á, Ìyá Hikmah?"

"Bó ṣe kọ ọ́ náà ni mo kà á."

"Kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wò ó." Ó gbé fóònù náà sí i lójú. Ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ náà wà: *Ara ti san nile. E ma wa o.* "Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀."

"Ta ní ń fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́? Ṣé ẹ̀yin náà ń fi sí i ni?"

"Èmi náà kì í fi sí i."

"Kí lẹ wá ń sọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Tìẹ náà ló máa jẹ́."

"Bàbá Hikmah, ẹ kà á bó ṣe wà lójú yín."

Rídwàn wo Bọ́dúnrìn bí ẹni tó fẹ́ kí onítọ̀hún gba òun sílẹ̀. Káfíńtà náà ń wo ilẹ̀.

"Àrá ti sán nílé," ni Rídwàn kà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ máa wá o."

Níta, mànàmáná kọ lójú sánmà, gbogbo páànù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà sì tàn yanran lẹ́ẹ̀kan náà.

Azeemah já fóònù náà gbà. Ó pe Mukhtar. Obìnrin inú ẹ̀rọ ní nọ́ńbà náà kò ṣeé kàn sí. Ó tún un pè, obìnrin náà tún sọ bẹ́ẹ̀, nínú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ dún rárá.

"Nẹ́tíwọ̀kì ló lọ," ni Bọ́dúnrìn wí. "Bí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn, ó máa ń lọ."

"Mukhtar kì í kọ 'máa' bẹ́ẹ̀," ni Azeemah wí. "Á méjì ló máa ń kọ sí i. Mo mọ ìkọ̀wé rẹ̀."

"Wo àwọn èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀."

Ó wá wọn. Ìka rẹ̀ ń fo ohun tó fẹ́ tẹ̀. "Èyí rèé. *Mo ma pe yin lola.*"

"Mo máa pè yín lọ́la. Á kan."

"*E ma binu, mo ti sun lo.*"

"Ẹ má bínú, mo ti sùn lọ. Á kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló fi ń ṣe méjèèjì."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi rò pé ti burúkú ló ń sọ?"

"N ò sọ pé mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ṣeé kà bẹ́ẹ̀." Àmọ́ olùkọ́ ni, kò sì lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí. "Gbọ́, 'ara ti sàn nílé.' Ara ta ni? Ṣé a máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? A ó ní ara Màámi ti yá. A ó ní ó ti sàn fún Màámi. Ara máa ń ní ẹni tó ni ín, Ìyá Hikmah. Àrá ni kì í ní."

"Àrá náà ní ẹni tó ni ín."

"Mo mọ̀. Gírámà ni mò ń sọ."

"Ẹ má bá mi sọ gírámà." Ó ti dìde. Ó ti tún fa báàgì oògùn náà jáde. "Ẹ bá mi gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

"Nínú èyí?" Rídwàn na ọwọ́ síta, níbi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. "Jẹ́ kí a rò ó. Bó bá jẹ́ tìẹ ló tọ̀nà, ọmọ náà ti kìlọ̀ pé kí a má wá. A ó kàn lọ kó sínú ewu lásán."

"Bó bá jẹ́ tiyín ló tọ̀nà ńkọ́?"

"Azeemah."

"Mò ń bi yín. Bó bá jẹ́ tiyín ló tọ̀nà, tí a sì jókòó síbí títí òjò á fi dá, kí ni kí n wá sọ? Kí n ní mo ti kà á sí dáadáa? Èmi ni mo ṣí ilé náà sílẹ̀. Èmi ni mo ní òjò ń sinmi."

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé..."

"Màámi mọ̀. Ó sọ fún mi." Ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin lẹ kà á bẹ́ẹ̀, Bàbá Hikmah. Ẹ ò lè gbé e padà sẹ́nu mọ́."

Rídwàn kò fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

"Ẹ mú ayùn mi dání," ni Bọ́dúnrìn wí. Ó fi àkísà wé eyín rẹ̀, ó sì gbé e fún wọn. "Igi máa ń wó sójú ọ̀nà yẹn. Èmi á máa wo ṣọ́ọ̀bù."

Kí wọ́n tó jáde ní ìlú, òjò ti di ògiri. Wáípà ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀, omi sì ń dà sórí gíláàsì bí ẹni pé kò sí wáípà níbẹ̀. Rídwàn tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Bá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Má dákẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Bú mi, bó bá wù ọ́."

"Ẹ yà sápá ọ̀tún díẹ̀. Kòtò ńlá wà lápá òsì yẹn."

"O ṣeun."

Yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ó ń lu òrùlé ọkọ̀ náà débi tí wọ́n fi ń pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Mànàmáná kọ lápá òsì, igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà hàn funfun bí egungun. Kíá ni àrá tẹ̀ lé e. Azeemah di ìjókòó mú.

"Kò lè pa wá nínú ọkọ̀," ni Rídwàn wí. "Bó bá tilẹ̀ sán lù wá, irin tó yí wa ká ni yóò gbé e lọ sílẹ̀. Má ṣáà fọwọ́ kan irin."

"Màámi kò sí nínú ọkọ̀."

Azeemah tún tan fóònù rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, bákan náà, kò sọ ju bó ṣe sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kà á ní tirẹ̀, ó kà á ní ti ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọ̀nà mìíràn wà.

"Ó tún ṣeé kà báyìí," ni ó wí. "Àrá ti sán nílé. Ẹ má wá o."

"Bí àrá bá sán, kí ló dé tí yóò fi ní kí a má wá?"

"N ò mọ̀." Ó gbé ojú kúrò lórí fóònù náà. "Àfi bí kò bá sí ohun tí a fẹ́ wá ṣe mọ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo kà á ni, mi ò sọ ọ́."

Ní ìta ilé ìtajà kan tí wọ́n ti tì pa, ọlọ́kadà kan dúró lábẹ́ bàrándà pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Bó ti rí iná ọkọ̀ wọn, ó sáré wọ inú òjò, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ti kọ AARON gàdàgbà sí àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Rídwàn sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ yà padà, sà. Igi ńlá kan ti wó dí ọ̀nà níwájú. Mọ́tò kankan ò lè kọjá."

"Ìwọ báwo lo ṣe kọjá?"

"Alùpùpù lèmi gùn. Mo fà á gba abẹ́ rẹ̀ kó tó wó lulẹ̀ tán, kò sì sí mọ́tò kankan níbẹ̀ nígbà náà."

Azeemah na ọrùn kọjá ọkọ rẹ̀. "Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lo ti ń bọ̀, ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà nu omi kúrò lójú. "Wọ́n ní àrá sán lu ilé kan. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ni mo gbọ́."

"Tí wọ́n ń kọ́, àbí tí wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe?"

"Mà, mo gbọ́ ọ ni. N ò dúró. Wọ́n ní ilé tí kò ní òrùlé lórí tán."

"Ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀?"

Ó wo ojú Azeemah, ó sì wo Rídwàn. "N ò gbọ́ ìyẹn, mà," ni ó wí.

Rídwàn gbé gíláàsì náà sókè. Kò béèrè bóyá kí wọ́n padà. Ó tẹ iná mọ́tò, wọ́n sì ń bá a lọ títí wọ́n fi dé ibi igi náà.

Igi àràbà ni. Ó ti fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ó sì na gbalaja láti etí oko kan dé etí oko kejì, ìtì rẹ̀ ga tó èèyàn ní ìdúró. Ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ di ìyókù ọ̀nà náà pa. Rídwàn pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni wọ́n rí i pé iná ọkọ̀ mìíràn ń tàn láàárín ewé, láti òdìkejì igi náà. Ó ń kú, ó ń tàn.

"Dúró síbí," ni Rídwàn wí.

Azeemah ti ṣí ilẹ̀kùn. Omi òjò tutù bí omi fìríìjì lórí rẹ̀. Ó rìn títí ó fi kan ẹ̀ka àkọ́kọ́. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ bá wa wá èèyàn," ni ohùn ọkùnrin kan ké padà. "Ẹ bá wa wá ẹni tó ní ayùn tàbí àdá. A gbé aláìsàn lọ́wọ́."

Ó mọ ohùn náà. Ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí onítọ̀hún ti ń fi í kígbe oúnjẹ. "Mukhtar?"

"Àǹtí mi? Kí lẹ ń wá níbí? Mo ní kí ẹ má wá."

"Màámi dà?"

"Àǹtí mi, mo kọ ọ́ sí yín pé kí ẹ má wá."

"Mukhtar, Màámi dà?"

"Ó wà nínú mọ́tò Déọlá aládùúgbò wa. Àrá sán lu igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, ó sì gba ara ògiri wọlé. Màámi ti jáde sí pálọ̀ láti lọ tún tapólì dì mú. Àrá náà sọ ọ́ lulẹ̀. Ó ń mí. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká máa gbé e bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni dókítà wà. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ má wá, ká má baà kọjá ara wa lọ́nà. Àtìgbà yẹn la ti wà níbí. Kò sí ọkọ̀ kankan tó wá láti apá ibẹ̀ yẹn."

Azeemah yíjú. Ọkọ̀ wọn dúró níbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, orí rẹ̀ sì ṣì kọ sí igi.

"Bàbá Hikmah," ni ó wí, "ẹ yí mọ́tò padà, kó kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ gbé ayùn náà fún mi kí ẹ tó yí i."

"Èmi á rẹ́ ẹ. Ìwọ yí mọ́tò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí Azeemah fi yí i tán tí ó sì padà dé, Rídwàn ti wọ abẹ́ ẹ̀ka, ó ń rẹ́ èyí tó dábùú, Mukhtar sì ń fà á láti òdìkejì. Mànàmáná kọ. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ yára," ni Rídwàn wí, eyín rẹ̀ ń lura. "Ibi igi kọ́ ló yẹ kéèyàn wà báyìí."

"Ẹ̀yin lẹ mọ físíìsì," ni Mukhtar fèsì. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó dúró."

"Fa ẹ̀ka yẹn, má bá mi ṣàwàdà."

"Mò ń fà á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń sọ̀rọ̀."

"Máa sọ ọ́ lọ nígbà náà."

Ẹ̀ka náà já. Ihò tó ṣí sílẹ̀ kò ju ohun tí èèyàn lè rákò gbà lọ. Mukhtar àti Déọlá gbé ìyá arúgbó náà wá nínú tapólì tí ìjì ti ká kúrò lórí ilé rẹ̀. Wọ́n ti ká igun rẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ. Wọ́n tì í gba abẹ́ igi, Rídwàn àti Azeemah sì gbà á láti ìhà tiwọn. Azeemah fi etí lé ẹnu rẹ̀. Ariwo òjò pọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Èémí kan kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà kò sí òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn dé.

"Ó ń mí," ni ó wí.

Mukhtar ti rákò gba ihò náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ lórí itan Azeemah. Bí ọkọ̀ náà ti gbéra, àrá sán lẹ́yìn wọn, ó sún mọ́ tòsí débi pé gíláàsì gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀," ni Rídwàn wí, ojú rẹ̀ lórí ọ̀nà. "Ẹ má jẹ́ kó sùn lọ."

"Màámi," ni Azeemah wí. "Màámi, èmi ni. Mo ti wá. Ẹ ti sọ fún mi pé ọdún yìí ò jọ àwọn ọdún tó kù. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ bú mi, Màámi."

Ìyá náà kò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé e kúrò lórí itan rẹ̀, Azeemah rí i pé ọwọ́ ìyá òun ti di etí aṣọ òun mú, ó sì ní láti tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dókítà Fatihah, obìnrin kékeré kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, jáde bá wọn lẹ́yìn ìrun Màgàrìbá. "Ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, àmọ́ ó ti ń padà bọ̀ sípò. Ó jó díẹ̀ ní apá. Etí òsì kò gbọ́ nǹkan kan fún ìsinsìnyí. Ta ló gbé e wá?"

"Gbogbo wa ni," ni Rídwàn dáhùn.

"Ó dára. Bí ẹ bá ti dúró kí òjò dá, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Ó padà wọlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ tútù.

"Mo ní kí ẹ má wá," ni Mukhtar wí nígbà tó yá, bí ẹni tí kò tíì lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ohun tí o kọ ni pé *e ma wa*," ni Azeemah wí.

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Ọjọ́ tí o bá tún kọ 'àrá' sí mi, fi àmì sí i."

"Àǹtí mi, Màámi wà nílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ibo ni kí n ti rí àmì?"

Azeemah ro ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ọmọ náà bá ti fi àmì sí i dáadáa, wọn ì bá ti gbọ́ràn. Wọn ì bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa retí ọkọ̀ tí igi ti dènà dè. Ó fa orí àbúrò rẹ̀ mọ́ èjìká.

Ìyá wọn kò lajú dáadáa títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Sánmà tún ti ń ṣú níta fèrèsé, afẹ́fẹ́ sì ti ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Rídwàn dúró nídìí ibùsùn pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ, Mukhtar jókòó sílẹ̀.

Azeemah tẹ̀ba lé e. "Ara ńkọ́, Màámi?"

Ìyá arúgbó náà ronú sí i. "Ó sán lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Èyí tó tẹ̀ lé e, n ò gbọ́ ọ mọ́."

Mukhtar gbé ojú sókè. Rídwàn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Azeemah yí ibùsùn náà po, ó lọ sí apá etí tó ṣì ń gbọ́ràn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ níbi tó yẹ kó ti tẹ̀ ẹ́. "Ara, Màámi. Ara yín ni mò ń béèrè."

"Ẹ̀ẹ́n. Ara." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi bándéèjì wé. Ó wo fèrèsé, níbi tí mànàmáná àkọ́kọ́ ti kọ, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú gírígírí títí àrá rẹ̀ fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló tó wo àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ara kò tíì sàn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa wá."